Ìka Tí Wọ́n Fi Òwú Dè

Lẹ́bàá ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi, kókó kékeré kan wà tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ó máa ń le. Bí mo bá jókòó tí mo ń ronú, ọwọ́ ọ̀tún mi á ti lọ bá a, á máa rà á bàbà láìjẹ́ pé mo rán an. Ibẹ̀ ni ìka mi kẹfà wà fún ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí mo lò láyé. Màmá mi ló dè é ní ọjọ́ kẹta. Ìyá bàbá mi mú òwú dúdú wá, ó ń sọ fún un bí yóò ṣe fà á le. Ìka náà dú, ó gbẹ, ó sì já sínú omi ìwẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n lọ rì í mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ri ibi mi sí.

Ìka ti lọ kí àlejò tó dé. Síbẹ̀, nígbà tí ó kan orúkọ, bàbá bàbá mi kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Olúgbódi ni." Òun náà ní ìka kẹfà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò sì fi òwú kan tirẹ̀ títí tó fi wọ káà ilẹ̀ lọ. Bàbá mi, tó wà láàárín àwa méjèèjì, ìka márùn-ún márùn-ún ló ní.

Àwa Yorùbá ní orúkọ fún ọmọ tó bá mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀run. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Ẹni tí irun rẹ̀ bá ta kókó ni Dàda. Ẹni tí ìwọ́ bá kọ́ lọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni, bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá lé ni Olúgbódi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ orúkọ yìí. Orúkọ kì í dúró de ohun tí ojú kò rí rí. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọmọ ní Olúgbódi ti ní láti rí ìka kẹfà lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó fún un ní àyè tirẹ̀ láàárín orúkọ àmútọ̀runwá. Ohun tí àwọn dókítà rí bá tiwọn mu: ìka kẹfà tó ń yọ lẹ́bàá ọmọńdinrín wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní bí ìlọ́po mẹ́wàá ju bó ṣe wà láàárín àwọn òyìnbó lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í fẹ́ ohun tí yóò yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí mo wọ girama, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti gbọ́ orúkọ mi, wọn a fa ọwọ́ mi wò. Mo yọ Olúgbódi kúrò nínú orúkọ tí mo ń kọ sórí ìwé. Ogún ọdún gbáko ni mi ò fi kọ ọ́, lẹ́yìn tí bàbá àgbà ti fi ẹnu ara rẹ̀ fún mi. Ó ń dùn mí títí di òní.

Bàọ́lọ́jì ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya ọwọ́ ènìyàn sójú pátákó, bí mo bá sì ti dé ọmọńdinrín, ọwọ́ mi á fẹ́ máa bá ìlà náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oyún bá wà nínú ìyá rẹ̀, nǹkan kékeré kan máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọlẹ̀, bí èéhù ṣe ń yọ lára iṣu tó ti pẹ́ nínú àká. Kò sí egungun nínú rẹ̀, kò sí èékánná. Kó tó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, èéhù yẹn ti di ọwọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ rí pẹlẹbẹ bí ẹnu àjẹ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi, láìsí àlàfo kankan. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìka kan sí èkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí wọ́n á fi àyè sílẹ̀. Ikú wọn ló jẹ́ kí n lè na ìka kan ṣoṣo sí ọ̀nà tí mo bá fẹ́ júwe.

"Ìka ò dọ́gba" jẹ́ òwe tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. A fi ń pẹ̀tù, a fi ń tu aláìní nínú. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bèèrè ní ilé wa pé kí ló fà á tí wọn kò fi dọ́gba. Kí ló sọ fún ìka kan pé kó di àtàńpàkò, tó sì sọ fún òmíràn pé kó di ọmọńdinrín, nígbà tí gbogbo wọn jọ ti inú èéhù kan náà jáde?

Inú ẹyin adìẹ ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ yọ. Ní 1968, John Saunders àti Mary Gasseling kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ adìẹ tí kò tíì pa. Wọ́n já díẹ̀ lára ẹ̀yìn èéhù apá rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú èéhù apá ọmọ adìẹ mìíràn, wọ́n sì jẹ́ kó dàgbà. Apá tó hù jáde ní ìka ìlọ́po méjì, tí apá kan dojú kọ èkejì bí ẹni tó ń wo dígí. A jẹ́ pé ohun kan wà ní etí ẹ̀yìn yẹn, níhà ọmọńdinrín, tó ń pàṣẹ. Ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó mọ ohun náà. Ní 1993, ilé àyẹ̀wò Cliff Tabin ní Harvard àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn rí jíìnì tó ń gbé àṣẹ yẹn jáde, wọ́n sì fi orúkọ ẹranko inú eré kọ̀ǹpútà àwọn ọmọdé sọ ọ́: Sonic hedgehog. Láti etí ọmọńdinrín ni Sonic ti ń ké, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí i. Ìka tó sún mọ́ ọn gbọ́ ọ kíkan, ó sì gbọ́ ọ pẹ́. Ìka àárín gbọ́ díẹ̀. Àtàńpàkò hù láìgbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wọn kò fi dọ́gba.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dìde kúrò nídìí tábìlì, mo sì jáde síta. Kókó mi wà ní ibi tí ohùn yẹn ti ń jáde gan-an.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni bí súwíìṣì Sonic ṣe jìnnà sí Sonic fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni ara ti ń lo jíìnì yìí, nínú ọpọlọ, nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, nínú ìfun. Súwíìṣì tó ń tàn án ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan wà ní ibi tó tó milíọ̀nù kan lẹ́tà DNA sí i, nínú ikùn jíìnì mìíràn tí kò bá a tan. Ó dà bí ẹni pé iná yàrá mi wà ní Ìbàdàn, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Edinburgh ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2003. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ará Japan yọ súwíìṣì náà kúrò lára eku: ọmọ tí eku bí pé ní gbogbo ara, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gé kúrú. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú súwíìṣì yìí, ìka lè lé ní ìhà àtàńpàkò. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ológbò oníkamẹ́fà ní ilé tí Ernest Hemingway gbé rí ní Key West ní Amẹ́ríkà. Òjòlá náà ní súwíìṣì yìí, àmọ́ lẹ́tà 17 ti bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ti òjòlá sára eku ní California, èyí tí wọ́n kọ̀wé rẹ̀ ní 2016, eku kò ní ju kùkùté ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n dá lẹ́tà 17 yẹn padà sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ sì hù.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí kò ní gbàgbé àwọn àdán. Lójú ọ̀sán, wọn a so rọ̀ lórí igi bí èso tó ti pọ́n kọjá, wọn a máa pariwo, wọn a máa jà sí àyè. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á tú jáde, ojú ọ̀run á ṣú, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọjá tán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sáré wọlé nítorí ìgbẹ́ wọn. Èmi a dúró. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Mo ti gbọ́ òwe náà láti kékeré, èrò mi sì ni pé apá tí àdán fi ń fò jọ ti ẹyẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, mo rí ọ̀kan tó ti kú lábẹ́ igi. Mo gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó na apá rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi pín-ìn-nì kàn án mọ́lẹ̀, ó sì ní, "Ka ìka rẹ̀ fún mi." Mo ní, "Ìka wo, ọ̀gá?" Ó kàn ń wò mí. Mo tẹ̀ ba, mo sì rí wọn. Àtàńpàkò wà lókè, ó kúrú, ó ní èékánná tó tẹ̀ kọdọrọ. Òun ló fi ń dì mọ́ ẹ̀ka. Ìka kejì náà ní èékánná tirẹ̀. Ìka àárín gùn, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ara àdán náà láti orí dé ìdí. Ìka kẹrin àti ọmọńdinrín tẹ̀ wá sísàlẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ìhà rẹ̀. Ọwọ́ ni. Ẹyẹ a máa fi apá fò, ìyẹ́ a bo apá náà, ìka tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ kéré, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Àdán ya ìka rẹ̀ sílẹ̀ ó fi gba atẹ́gùn mú. Bó bá jẹ́ pé báyìí ni ọwọ́ tèmi ṣe rí, ìka àárín mi ì bá máa wọ́ nílẹ̀ bí mo bá dúró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ àdán lẹ́yìn nínú ìwé. Egungun àdán tó ti di òkúta tí wọ́n rí ní Wyoming, tó ti tó 52 milíọ̀nù ọdún, ti ní ìka gígùn, ó sì ti ń fò, àmọ́ gbogbo ìka rẹ̀ márààrún ló ṣì ní èékánná. Kò sí ẹni tó tíì wa èyí tí ìka rẹ̀ gùn dé ìdajì jáde nínú ilẹ̀. Nítorí náà, inú ọlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yíjú sí. Karen Sears àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2006 pé nígbà tí ìka ọlẹ̀ àdán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó rí bí ti eku. Lẹ́yìn náà ni egungun rírọ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa wú, nítorí pé jíìnì kan tí ń jẹ́ Bmp2 ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe nínú ìka eku lọ. Eku ní Bmp2. Èmi náà ní i. Lọ́dún kan náà, ìwádìí mìíràn ṣàlàyé awọ tó wà láàárín ìka: èyí tí ikú máa ń pa lọ́wọ́ tiwa, àdán fi jíìnì Gremlin àti Fgf8 dí ọ̀nà mọ́ ikú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó ráyè wọlé ní ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìka ẹsẹ̀ àdán fi dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn kéré gan-an. Ní 2008, Chris Cretekos, Richard Behringer àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yọ súwíìṣì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì Prx1 lára eku, wọ́n fi ti àdán rọ́pò rẹ̀. Gbogbo jíìnì eku náà ṣì jẹ́ ti eku. Nígbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ rẹ̀, apá iwájú wọn fi ìdá 6 nínú 100 gùn ju ti àwọn eku yòókù lọ. Bí mo ṣe ka nọ́ńbà yẹn fún kíláàsì mi, ọmọ kan ní, "Sà, ṣé ìyẹn náà ni?" Mo ní kó mú rúlà wá, kó wọn apá rẹ̀, kó sì ṣírò ìdá 6. Ó ṣe é. Ó rí sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tó lé, ó sì dákẹ́, ó ń wo òpin rúlà. Mo fẹ́ kó rí i pé bí a bá fi ìdá 6 lé ìdá 6, láti ìran dé ìran, fún àìmọye ọdún, ọwọ́ lè di apá.

Ọmọ yìí kan náà ló bèèrè nípa ẹsẹ̀ àgbò. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, aládùúgbò wa fún wa ní ẹsẹ̀ iwájú kan, mo sì gbé e lọ sí kíláàsì kí a tó fi sebẹ̀. Pátákò méjì tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́ ìka àárín àti ìka kẹrin. Àwọn kékeré méjì tó so mọ́ ẹ̀yìn, tí wọn kì í kan ilẹ̀, jẹ́ ìka kejì àti ọmọńdinrín. Àtàńpàkò kò sí. "Sà," ó ní, "méjì yìí dọ́gba." Òótọ́ ni. Lára ẹbí àgbò, lára màlúù, ìka dọ́gba. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Basel ní Switzerland ṣàlàyé ti màlúù. Sonic ń ké nínú èéhù ẹsẹ̀ màlúù gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ké nínú tiwa, àmọ́ jíìnì Ptch1, tó jẹ́ etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ọ, ti di ẹlẹ́tìí wíwúwo, nítorí pé súwíìṣì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà láéláé. Ìhà ọmọńdinrín kò mọ̀ pé ìhà ọmọńdinrín lòun. Ẹ̀gbẹ́ èéhù méjèèjì jọ ara wọn, ìka àárín méjì sì hù ní ìbejì. Ẹṣin gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó dé. Àṣẹ ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ni ikú sẹ́ẹ̀lì á ráyè níhà ọ̀tún àti òsì, á sì ṣẹ́ ku ìka àárín kan ṣoṣo tí gbogbo ìwúwo ẹṣin dúró lé.

Ikú kan náà tó gé ìka tiwa sí márùn-ún ló gé ti ẹṣin ku ọ̀kan. Òun kan náà ni àdán tì sẹ́yìn láti fi hun awọ. Nínú ọlẹ̀ dọ́fínnì, èéhù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń yọ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kọjá, á sì rẹ̀ dànù, nítorí pé Sonic kò ké níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo àwa ẹranko afọ́mọlọ́mú ń sọ nínú ikùn ìyá wa. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ló yàtọ̀, àti ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kí a tó dákẹ́. Ìka kẹfà tí mo mú wá sáyé wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Jíìnì kan wà tí ń jẹ́ GLI3, tó ń bá Sonic ṣiṣẹ́, tó sì ń di ìjánu mú kí ìka má pọ̀ jù. Bí àyípadà bá dé bá a, ìka lè lé ní ìhà ọmọńdinrín, ó lè ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì lè fo ìran kan láìfi ara hàn, bó ṣe fo bàbá mi.

Márùn-ún tí a ń pè ní iye tó pé pàápàá kì í ṣe iye àkọ́kọ́. Acanthostega, ọ̀kan lára àwọn ẹranko tó kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ dípò lẹbẹ ẹja, tí wọ́n wa egungun rẹ̀ jáde nínú òkúta ní Greenland, ní ìka mẹ́jọ lọ́wọ́. Ó ti tó nǹkan bí 365 milíọ̀nù ọdún. Michael Coates àti Jenny Clack ló kà wọ́n, tí wọ́n sì kọ̀wé nípa wọn ní 1990. Mo ya ọwọ́ oníka mẹ́jọ yẹn sínú ìwé ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ mi. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ orúkọ mi ní pípé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà girama.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bí ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì gbé e wá bá mi, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀." Ọwọ́ òsì ni. Ìka náà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín pẹ̀lú ẹran tín-ín-rín, ó ní èékánná tó dán bí ìpẹ́ ẹja. Dókítà ní kò sí egungun nínú rẹ̀. Ó ní kí a má fi òwú dè é, nítorí pé ó máa ń fi kókó sílẹ̀, bí a bá sì fẹ́, àwọn á fi abẹ yọ ọ́ kúrò dáadáa bó bá yá. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná." Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, gbogbo wọn pupa bákan náà.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a gbé e lé màmá mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì ríran mọ́ bí i ti tẹ́lẹ̀, a kò sì tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa orí ọmọ, wọ́n fọwọ́ pa èjìká, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́. Wọ́n mú àtàńpàkò, wọ́n mú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó. Wọ́n dé ọmọńdinrín, ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n kan ẹ̀kẹfà.

"Olúgbódi," wọ́n pè mí, "ọwọ́ rẹ dà?"

Mo na ọwọ́ òsì mi sí wọn. Wọ́n wá kókó náà kàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìka wọn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sọ́dọ̀ ọmọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàńpàkò.